Híhó Kì í Ṣe Kíkan: Ọtí Pípọn Nígbà Ọyẹ́ àti Èdè-Ìperí Sáyẹ́ǹsì

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti kan bàbá ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan ẹni tí ó ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun inú ìwé sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ tí ó bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa bí yíìsì ti ń sọ ṣúgà di ọtí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, ni ó ń du ipò kan ṣoṣo. Ó lè pe iṣẹ́ yíìsì ní ìdíbàjẹ́. Ó lè pè é ní kíkan. Ó lè yá ìwúkàrà lò láti inú Bíbélì. Ó sì lè sọ pé híhó ni.

Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, àti pé èdè àwọn tí ń pọn ọtí ti ya wọ́n sọ́tọ̀ kí ìwé sáyẹ́ǹsì tó dé. Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti hàn gbangba jù lọ ni ẹ̀yìnkùlé apọntí, ní ìta gbangba, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́.

2. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti bí a ti ń pọn ọ́n

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ọtí tí Yorùbá ń fi àgbàdo ṣe. Èyí tí a fi ọkà bàbà ṣe jẹ́ ìbátan pító àti bùrùkùtù tí a ń mu ní apá òkè Nàìjíríà, àti ìbátan ṣúkútù tí àwọn ará àríwá Benin àti Togo ń pọn. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà wọn bára mu. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún iṣẹ́ náà ni pọn: a ń pọn ọtí gẹ́gẹ́ bí a ti ń pọn omi, ẹni tí ó bá sì ń ṣe é ni apọntí.

Kí a mú agboolé kan ní Yemẹ́tù, ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ní àdúgbò tí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni ààrò àti ìkòkò ńlá yóò wà. Kí ó sì jẹ́ oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, nígbà tí ẹ̀fúùfù gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà bá sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀sán a máa gbóná, ṣùgbọ́n ní ìdájí ìwọ̀n ooru lè sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 20°C, ọyẹ́ líle a sì tún mú un lọ sí ìsàlẹ̀ iye yìí. Lójú ará Yúróòpù, èyí kì í ṣe òtútù rárá. Lójú apọntí tí ìkòkò rẹ̀ wà ní ìta, òtútù náà tó láti yí ètò iṣẹ́ padà.

Iṣẹ́ náà pín sí ìpele méje, olúkúlùkù ni ó sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: rẹ, hù, sá, lọ̀, sè, sẹ́, àti hó.

A óò kọ́kọ́ rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn èyí, a óò dà á sílẹ̀ lórí ewé, a óò bò ó, a óò sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Ìdí híhù yìí jinlẹ̀. Sítáàṣì ni oúnjẹ tí wóró àgbàdo kó pamọ́ sínú, yíìsì kò sì lè jẹ sítáàṣì. Nígbà tí wóró bá hù, àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gé sítáàṣì náà sí ṣúgà kí èéhù lè rí oúnjẹ jẹ. Apọntí kò jẹ́ kí èéhù jẹ oúnjẹ náà tán. Ní ọjọ́ mélòó kan, yóò kó ọkà náà sí oòrùn, híhù yóò sì dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù yóò wà nínú rẹ̀ ní ìpamọ́. Ọkà tí ó hù, tí a sì sá báyìí, ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ń pè ní mọ́ọ̀tì.

Ní ìpele yìí, ọyẹ́ ń fi ọwọ́ kan gbà, ó sì ń fi ọwọ́ kejì fúnni. Ọkà kì í yá híhù nínú òtútù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó di dandan kí a máa wọ́n omi sí i léraléra, kí a sì fi ewé tàbí àpò bò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di sísá, kò sí àkókò tí ó dára tó ìgbà ọyẹ́. Ọkà a gbẹ kíá, kò sì ní ráyè bu bí ó ti máa ń bu nígbà òjò.

Lẹ́yìn lílọ̀, a óò po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, a óò sì gbé e ka iná. Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú sísè yìí. Àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń sọ sítáàṣì di ṣúgà a máa ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 60°C sí 70°C. Àárín ìwọ̀n yìí náà ni sítáàṣì àgbàdo ti ń rọ̀ tí ó sì ń wú, kí ẹ́ńsáìmù lè rí i gé. Bí iná bá le jù tí omi sì tètè hó, ẹ́ńsáìmù yóò kú kí iṣẹ́ wọn tó parí, ohun tí yóò wà nínú ìkòkò yóò sì sún mọ́ ẹ̀kọ ju ọtí lọ. Tẹmọmítà kò sí ní ẹ̀yìnkùlé; ahọ́n ni òṣùwọ̀n. Iná a máa jó jẹ́jẹ́, apọntí a sì máa tọ́ omi náà wò. Bí ó bá ti dùn, ṣúgà ti jáde, ó di ìgbà náà kí a tó koná mọ́ ọn kí ó hó.

Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa jí ooru gbé lára ìkòkò; igi tí a ó dá a lọ́pọ̀, a sì lè fi páànù ṣe ààbò yí ààrò ká. Èrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé, lẹ́yìn tí a bá sọ ìkòkò kalẹ̀, òru tútù a máa tètè mú omi ọtí náà rọlẹ̀. Yíìsì kì í yè nínú omi gbígbóná, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí a tó sẹ́ ẹ, kí a sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni yíìsì wà ní ẹgbàágbèje. Bí omi ọtí bá ti ń yára tutù, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn fi lè kó wọ inú rẹ̀ kí yíìsì tó dé ṣe ń kúrú sí i. Kí a sì má gbàgbé eruku ọyẹ́: ìkòkò tí a kò bá dé yóò gba ìpín tirẹ̀.

3. Ìṣòro àti èrè òtútù nígbà híhó

Ìpele tí ó ṣe kókó jù ni híhó. Yíìsì a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà, a sì máa mú ohun méjì jáde: álíkọ́hólù àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń ru sókè tí ó ń di ìfóòfó lójú ọtí. Ìwọ̀n ooru tí ó bá yíìsì inú irú ọtí báyìí lára mu ni nǹkan bí 25°C sí 35°C, èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n ojoojúmọ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ọtí tí a pèsè ní ìrọ̀lẹ́ lè ti máa hó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nígbà ọyẹ́, nǹkan yàtọ̀, ìkòkò amọ̀ sì tún dá kún un. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé omi inú àmù a máa tutù. Omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, bí ó bá sì ti ń gbẹ, ó ń gba ooru lọ lára àmù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ gan-an, nítorí náà omi ara ìkòkò a tètè gbẹ, ìkòkò náà a sì tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Ohun tí à ń yin àmù sí ni ó wá di ìṣòro lára ìkòkò ọtí. Ọgbọ́n tí ó bá a mu ni kí a gbé ìkòkò náà sún mọ́ ààrò tí eérú rẹ̀ ṣì gbóná, kí a sì fi àpò tàbí aṣọ tí ó nípọn wé e. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọtí tí ó yẹ kí ó hó lónìí lè di ọ̀la tàbí ọ̀tunla.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọtí náà bá hó tán, òtútù kan náà a di ọ̀rẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó kan nígbà ooru. Àwọn bakitéríà kan a máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì. Àwọn mìíràn, bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé, a máa sọ álíkọ́hólù gan-an di ásíìdì, èyí tí í ṣe ohun tí ó wà nínú ọtí kíkan. Òtútù a máa fa ọwọ́ àwọn bakitéríà wọ̀nyí náà sẹ́yìn, ọtí a sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó bàjẹ́.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ńlá wà fún onímọ̀ èdè. Ọyẹ́ ń fa híhó sẹ́yìn, ó di àdánù fún apọntí. Ó ń fa kíkan sẹ́yìn, ó di èrè. Bí híhó àti kíkan bá jẹ́ ohun kan náà, kò ní ṣeé ṣe kí ẹni kan náà máa kérora nítorí ìdádúró ọ̀kan, kí ó sì máa yọ̀ nítorí ìdádúró èkejì. Nígbà ooru, méjèèjì ń sáré tẹ̀ lé ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè rò pé iṣẹ́ kan ni wọ́n. Òtútù ni ó fà wọ́n ya. Èdè Yorùbá kò sì ṣi wọ́n pè rárá: bí oníbàárà bá gbọ́ pé ọtí ti hó, yóò mú owó jáde, bí ó bá gbọ́ pé ó ti kan, yóò bá tirẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ó dára a máa ní ìkan díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé yíìsì nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Èyí kò ba àlàyé yìí jẹ́. Ẹni méjì lè jọ gbé inú ilé kan. Orúkọ wọn kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan.

4. Ohun tí òtútù kọ́ àwọn ará Yúróòpù

Kì í ṣe apọntí ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni òtútù kọ́ lọ́gbọ́n yìí. Ní Bàfáríà, ní ilẹ̀ Jámánì, òfin kan jáde ní ọdún 1553 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọn ọtí láàrin ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án. Ooru máa ń ba ọtí jẹ́, nítorí náà ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n fún àwọn apọntí láàyè. Irú yíìsì kan tí ó lè ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nínú òtútù ni ó gbilẹ̀ lábẹ́ irú ètò báyìí. Ó lè hó ọtí ní nǹkan bí 8°C sí 13°C, níbi tí yíìsì ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Inú ihò ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń kó ọtí náà pamọ́ sí, láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe Jámánì tí ó túmọ̀ sí fífi nǹkan pamọ́ sì ni orúkọ lager ti wá. Láàrin ọdún 1870 sí 1880 ni Carl von Linde ṣe ẹ̀rọ amúǹkan-tutù fún àwọn ilé ìpọntí, tí òtútù kò fi jẹ́ ọ̀ràn ìgbà mọ́.

Àríyànjiyàn lórí orúkọ kò sì yọ wọ́n sílẹ̀. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, gbà pé jíjẹrà ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọtí: ohun tí ó ń bàjẹ́ ni ó ń kó ìbàjẹ́ ran ṣúgà. Louis Pasteur, ará Faransé, ta kò ó láti ọdún 1857 lọ. Ó fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì, pé jíjẹ àti gbígbilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ ṣúgà di álíkọ́hólù, àti pé ohun ẹlẹ́mìí mìíràn ni ó ń mú wàrà kan. Ní ọdún 1883, Emil Christian Hansen ya irú yíìsì kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé iṣẹ́ Carlsberg ní Dẹ́ńmáàkì. Ní ọdún 1897, Eduard Buchner fún omi ara yíìsì jáde, ó sì rí i pé omi náà, láìsí yíìsì tí ó wà láàyè nínú rẹ̀, ṣì lè sọ ṣúgà di álíkọ́hólù. Ẹ́ńsáìmù ni ó wà nínú omi náà. Orúkọ yìí gan-an, tí Wilhelm Kühne ṣẹ̀dá láti inú èdè Gíríkì ní àwọn ọdún 1870, kò túmọ̀ sí ju "inú ìwúkàrà" lọ.

5. Àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Lẹ́yìn àlàyé wọ̀nyí, ó rọrùn láti gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò.

(i) Ìdíbàjẹ́, tàbí jíjẹrà. Olùkọ́ tí ó bá lo ọ̀rọ̀ yìí ti gba ẹ̀yìn Liebig láìmọ̀. Ohun tí Pasteur já ní koro ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí apọntí tí yóò sọ pé òun ń ba àgbàdo jẹ́.

(ii) Kíkan. Ọ̀rọ̀ yìí bá ògì mu, nítorí pé bakitéríà tí ń mú ásíìdì jáde ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fún iṣẹ́ yíìsì ní orúkọ yìí, wàhálà dé. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti fi ọtí kíkan pe ohun tí ó le koko lẹ́nu, tí a ń rí nígbà tí álíkọ́hólù bá di ásíìdì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ pé yíìsì ń mú kí ọtí kan yóò kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ọtí kíkan ni yíìsì ń ṣe. Wọn yóò fagi lé ìdáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó jẹ̀bi.

(iii) Ìwúkàrà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe wú, àti ọ̀rọ̀-orúkọ àkàrà ni a kàn pọ̀. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ dára, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé orúkọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Èkejì, ó so yíìsì mọ́ búrẹ́dì nìkan. Yíìsì kan náà ni ó ń wú búrẹ́dì tí ó sì ń hó ọtí. Ọmọ tí ó gbọ́ ìwúkàrà kò ní ronú kan ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

(iv) Híhó. Àwọn atúmọ̀ èdè kan lè kọ̀ ọ́ nítorí pé omi orí iná náà ń hó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n rántí pé inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ti wá, ìbátan ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì tí ó túmọ̀ sí híhó omi lórí iná sì ni. Ohun tí ará Róòmù rí nínú agbè wáìnì ni Yorùbá rí nínú ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti nínú akèrègbè ẹmu: omi tí ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjì kò bá ba sáyẹ́ǹsì àwọn ará Yúróòpù jẹ́, kò yẹ kí ó ba ti Yorùbá jẹ́. Ìyàtọ̀ tí a nílò, àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ lè pèsè rẹ̀.

6. Àbá

Ìbéèrè kan ṣì kù: ọ̀rọ̀ wo ni yóò kó gbogbo irú iṣẹ́ yìí pọ̀? Híhó kò lè ṣe é, kíkan náà kò lè ṣe é. Irú tí a ń fi se ọbẹ̀ kì í hó, kì í sì í kan. Bakitéríà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í mú un ní ásíìdì, òdì kejì ásíìdì ni ó ń sún un lọ. Bí a bá fi agbára mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ilé láti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ ọlá ọ̀rọ̀ náà yóò sọnù. Ó sàn kí ọ̀rọ̀ àyálò gba ipò gbogbogbòò, kí àwọn ọ̀rọ̀ ilé sì di ipò wọn mú gẹ́gẹ́ bí orúkọ irú kọ̀ọ̀kan. Àbá náà nìyí:

Fẹmẹntéṣọ̀n: iyekíye iṣẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí àìfojúrí ṣe lórí oúnjẹ tí ó fi di oúnjẹ mìíràn, yálà ó hó, ó kan, tàbí kò ṣe méjèèjì.

Ìhó-ọtí: iṣẹ́ yíìsì, tí ó ń sọ ṣúgà di álíkọ́hólù àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide.

Híhó orí iná: híhó omi nítorí ooru. Níbi tí kò bá ti sí ìdàrúdàpọ̀, híhó nìkan tó.

Ìkan-ògì: iṣẹ́ bakitéríà tí ń sọ ṣúgà di ásíìdì, irú èyí tí ó wà nínú ògì àti wàrà.

Ìkan-ọtí: iṣẹ́ bakitéríà tí ń lo afẹ́fẹ́ láti sọ álíkọ́hólù di ásíìdì.

Ọkà híhù: ọkà tí a rẹ, tí ó hù, tí a sì sá láti dá híhù náà dúró. Mọ́ọ̀tì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yíìsì: ohun ẹlẹ́mìí náà fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ ẹbí olú, kì í ṣe ẹbí kòkòrò.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: ohun tí ó sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọtí. Yíìsì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yíìsì.

Ànfààní ètò yìí ni pé ó bá ìlò ojoojúmọ́ mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sẹ́ ògì ti mọ ìkan-ògì. Èyí tí ó ti rí akèrègbè ẹmu ti mọ ìhó-ọtí. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ ni láti fi ìmọ̀ tuntun lé orí èyí tí ó wà nílẹ̀. Irú èrò yìí ni ó wà nídìí Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì.

7. Ìkádìí

Iṣẹ́ kíkó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ kò ṣeé fi falẹ̀. Láti ìgbà tí Nigerian Breweries ti gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Lagos ní ọdún 1949 ni bíà inú ìgò ti ń gba ipò ọtí ìbílẹ̀. Ẹ̀sìn náà ní ìpín tirẹ̀: ní àdúgbò bí Yemẹ́tù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Mùsùlùmí àti ilé Kristẹni ni kò ní fi ọtí kan ẹnu, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì ọkà báálì wọlé láti òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá padà sórí àgbàdo àti ọkà bàbà tí àwọn apọntí ilé kò fìgbà kan fi sílẹ̀. Ọkà padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò bá a padà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, òun ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ kò ní láti jẹ́ ọ̀mùtí kí ó tó kó ọ̀rọ̀ ọtí jọ. Ohun tí ó nílò ni ìwé, kálàmù, àti sùúrù láti jókòó ti àgbà obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń pe ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lè lọ nígbà ọyẹ́, yóò dára jù, nítorí pé ìgbà tí iṣẹ́ bá falẹ̀ ni ojú ń ráyè rí ìpele rẹ̀, tí ẹnu sì ń ráyè dárúkọ wọn. Kí ó má ṣe béèrè bí ọtí ti ń kan. Kí ó béèrè bí ó ti ń hó.